Méjìléláàádọ́rùn-ún Hibatullah

Ọ̀rọ̀ tí Arifah gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ kò dà nínú rẹ̀. Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì dá a padà sílé bàbá rẹ̀ ní Dutsen Kura, ó mọ̀ pé òun kò lè gbé e wọ sàréè. Hibatullah, àbúrò rẹ̀, ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú nígbà tí Arifah sọ pé, "Má dá mi lóhùn títí n ó fi parí.

"Ìdánwò sikọláṣípù tí o ṣe nígbà kan, orí fóònù mi ni èsì wọlé sí. O rí méjìléláàádọ́rùn-ún, o fò sókè, o rò pé máàkì ni. Mo ní kì í ṣe máàkì. Òtítọ́ nìyẹn. Irọ́ ló tẹ̀ lé e. Mo ní nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, méjìléláàádọ́rùn-ún ló ta ọ́ yọ. Wallahi, ìwọ lo ta wọ́n yọ! Láti bí àádọ́rùn-ún ni wọ́n ti ń mú èèyàn lọ́dún tó ṣáájú. Mo mọ̀. Tíṣà ni mí."

Ọwọ́ Hibatullah dúró. "Kí ni mo ṣe fún yín, Àǹtí?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Rọpárọsẹ̀ ti dá Màmá dùbúlẹ̀ nígbà náà. Bí o bá lọ, èmi ni n ó kù tì í, èmi sì fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ìkà ni mí. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ tí àyè fífi fọ́ọ̀mù sikọláṣípù ránṣẹ́ fẹ́ parí, o kúnlẹ̀, o ní, 'Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣáà fi ránṣẹ́, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú.' Mo ní, 'Kai! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Orí rẹ ò gba ìwé.'"

Láti ọjọ́ yẹn ni Hibatullah kò ti ṣí ìwé mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni Màmá kú sí. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà ní Sabon Gari, bí ọmọ rẹ̀ bá sì gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá, á ní, "Lọ bá bàbá ẹ. Olódo ni mí."

"Èmi kì í ṣe olódo nígbà náà?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"O ò fìgbà kan jẹ́ olódo. Nítorí Ọlọ́run, dárí jì mí."

Arifah ń retí èébú, ó ń retí ìgbátí. Kò rí ọ̀kan. Hibatullah fún omi inú aṣọ náà dànù, ó sì ń nu ẹsẹ̀ náà lọ. Ó wẹ̀ ẹ́, ó bọ́ ọ, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn títí ẹ̀mí fi bọ́ lára Arifah. Lójoojúmọ́ kí ó tó kú ni Arifah ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Hibatullah kò dá a lóhùn.