Ìwé Inú Ìrọ̀rí Haneefah

Ọ̀rọ̀ tí Mọ̀ríámọ̀ ti rán mọ́ inú òwú láti ọdún méjì ni ó fẹ́ tú síta lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn. Láti Ọ̀yọ́ ló ti wọkọ̀, ó gbé ìrọ̀rí kan lé itan títí ó fi sọ̀ ní ibùdókọ̀ Tákíẹ̀. Nígbà tó dé ilé Hafeez, ẹni tí Haneefah ìyàwó rẹ̀ ti dolóògbé, kò jókòó. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà níwájú ọmọ tó lè bí.

"Màmá, ẹ dìde! Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Jẹ́ n wà nílẹ̀, Hafeez. Bí mo bá dìde, irọ́ ni mo tún máa pa."

Mọ̀ríámọ̀ ló tọ́ Haneefah dàgbà lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ tó bí i kú. Ìrọ̀rí ló ń rán tà ní Ọjà Akẹ̀sán, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé ojú kì í rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún náà ló fi ṣe iṣẹ́ ibi.

"Ó ku oṣù kan kẹ́ ẹ ṣe yìgì ni mo mú Haneefah lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí bó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀ tàbí tó dùbúlẹ̀, mímí á dogun. Dókítà ní ọkàn nílẹ̀kùn. Ó ní ọ̀fun tó máa ń dùn ún ní kékeré, tí orúnkún rẹ̀ fi wú, tí mo ń fi àgbo wò, òun ló dá àpá sí ilẹ̀kùn náà lára, tó wá há. Ẹ̀jẹ̀ ò ríbi kọjá, ó ń padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kò gbọdọ̀ lóyún títí wọn yóò fi ṣí i. Ó ki ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà bọ̀ mí létí. Bí ọkàn bá ti lù tán, nǹkan kan á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta lókèèrè. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó ní ká fún ọ."

Hafeez wo ìrọ̀rí tí Mọ̀ríámọ̀ gbé dání.

"Làwọn ènìyàn rẹ bá wá ṣe ìwádìí. Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí àrùn nílé yín? Mo ní ilé wa mọ́ bí omi àfàárọ̀pọn. Haneefah ń sunkún, ó ní, 'Màmá, ẹ jẹ́ n sọ fún Hafeez.' Mo gbé Kùránì fún un, mo ní kó búra pé kò ní sọ. Ìkà ni mí! Ẹ̀rù bà mí láti sun ìwé tó ní orúkọ ọmọ lára, ni mo bá rán an mọ́ ìrọ̀rí tó gbé wá sílé rẹ."

Ó mí kanlẹ̀.

"Ọjọ́ tí o pè mí láti ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì ń bèèrè bóyá ó lárùn ọkàn, mo gbọ́ ohùn Haneefah lẹ́yìn rẹ: 'Màmá, ẹ sọ fún wọn! Kí wọ́n má dá mi dùbúlẹ̀!' Ó ń dúró kí n tú ìbúra náà. Mo ní ara rẹ̀ le koko, ẹ̀rù ìrọbí lásán ni. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀, wọ́n fa omi sí i lára, omi náà kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ló bá kú."

"Wọ́n ní mo pẹ́ kí n tó rí mọ́tò," Hafeez wí. "Èmi náà gbà pé èmi ni mo pa á."

"Èmi ni. Látìgbà tí ẹ ti dá ẹrù rẹ̀ padà, bí mo bá forí lé ìrọ̀rí yìí, ọkàn yẹn á lù, á sì máa kùn. Dárí jì mí, ọmọ mi."

Ó fi eyín já okùn ìrọ̀rí náà. Òwú tú sílẹ̀, ìwé náà já bọ́. Hafeez kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ìrọ̀rí sétí, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ó ṣì ń kùn," ló wí. "Màmá, èmi kọ́ ni mo ni ìdáríjì yẹn. Ẹ máa gbé ìrọ̀rí yìí lọ. Ẹ̀yin lẹ rán an."

Gbogbo ọmọge tó bá wá ra ìrọ̀rí ìyàwó ní Akẹ̀sán ni Mọ̀ríámọ̀ ń sọ fún báyìí: "Bí o bá ní àìsàn, sọ ọ́ kí o tó kó ẹrù." Wọ́n rò pé ọjọ́ orí ló ń dà á láàmú. Wọn kò mọ̀ pé orí ìjókòó lòun náà ń sùn, bí Haneefah ṣe máa ń sùn, torí bó bá ti dùbúlẹ̀, mímí á dogun fún òun náà.