Ọwọ́ Tí Mo Rí Lórí Àtẹ̀gùn

Ọmọ mi, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o fa àga súnmọ́ mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òní ni ó bá tèmi. Má dá mi lẹ́nu o. Bí o bá fẹ́ bú mi, wàá bú mi tó bá yá.

O mọ̀ pé ìyá rẹ, àbúrò mi kan ṣoṣo, ti di adití láti kékeré. Ilé sinimá kan wà ní òpópónà wa nígbà náà tó ń ṣe àwọn sinimá ẹlẹ́rìn-ín àtijọ́ tí kò lóhùn. Inú ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò ti ju ìyá rẹ lọ: gbogbo wa ni adití níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn jù ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a sọ ní Oníkòròbá, tó máa ń ru omi gun àtẹ̀gùn, tó sì máa ń ṣubú gbì! Bí a bá délé, ìyá rẹ á gbé kòròbá, á ṣubú bíi tirẹ̀ lórí àtẹ̀gùn onípákó wa, á sùn gbalaja bí òkú. Èmi á fẹsẹ̀ lu pákó. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n lára, á fò dìde, á tẹrí ba. Ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá! Àdéhùn kan péré la ní: bí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ na pákó, eré ti parí nìyẹn, ó dùn ún lóòótọ́.

Inú eré yẹn ni mo ti ń rí ewì mi. Gbogbo ewì tí ayé fi ń pè mí ní Akéwì, ara ìyá rẹ ló kọ́kọ́ kọ ọ́ kí kálámù mi tó kọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó lókè àtẹ̀gùn, mo ń kọ̀wé, ó ṣubú. Mo fẹsẹ̀ lu pákó. Kò dìde. Ó gbójú sókè wò mí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ na pákó. Ó tún nà án. Ọmọ mi, mo rí i! Ojú mi kò fọ́. Àmọ́ ìlà ewì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni, ìlà tó dùn, mo ní bí mo bá dìde á sá lọ. Ni mo bá tẹrí ba, mo ń kọ ọ́. Ìkà wo ló tún ju èyí lọ? Nígbà tó rí i pé n kò bọ̀, ó di igi àtẹ̀gùn mú, ó fẹ́ dìde fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti rọ́ kò gbà á. Ìṣubú kejì yẹn ló gbé e dé ìsàlẹ̀, òun ló ba eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, òun ló fi í sórí àga onítáyà títí dòní.

Kò tán síbẹ̀. Ìṣubú kejì náà ni mo fi parí ewì. Òun ni ìparí tí gbogbo èèyàn fi máa ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi náà á dìde, màá tẹrí ba.

Ní ọsibítù, ìyá rẹ fi ọwọ́ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí ọwọ́ mi?" Mo fi ọwọ́ dá a lóhùn pé, "Rárá o. Ìwé ni mo ń kọ." Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni, mo ti ṣeré jù. Ká ní ẹ rí i ni, ẹ ò bá ti sáré wá." Ohun tó ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, títí kan bàbá rẹ. Òun náà ló tún ń fi ṣíbí bọ́ mi báyìí. Ojú ń tì mí, ọmọ mi.

Mo gbọ́ pé ìwọ náà ti ń kọ ewì. Bí ẹnì kan bá ń pè ọ́, ju kálámù sílẹ̀. Ìlà tó bá fẹ́ sá lọ, jẹ́ kó máa lọ.

Ó ti ń bọ̀, mo gbọ́ ìró àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ títí ọwọ́ fi kú mọ́ mi lára, n kò lè sọ ọ́ fún un mọ́. Jọ̀ọ́, yá mi ní tìrẹ. Má fi kún un, má sì yọ kúrò níbẹ̀. Sọ fún un pé: "Ẹ̀gbọ́n yín ní àwọn rí ọwọ́ yín. Ìgbà méjèèjì ni àwọn rí i. Wọ́n ní kí ẹ dárí ji àwọn." Lẹ́yìn náà, kí o gbé orí mi kọjú sí i, kí n lè rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa sọ.