Ilẹ̀kùn Tí Kò Sí Nínú Ìwé Àwòrán

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n fẹ́ dí ilẹ̀kùn kan pa ní Sùúrùlérè o. Àwọn onílé ní àṣìṣe ni, pé ayàwòrán kan tí kò mọ iṣẹ́ ló fi síbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo gbọ́ ọ, níbi tí mo ti lọ kí àwọn onílé náà kú ewu ọmọ, ni ìrẹsì bá há mi lọ́fun, tí wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, tí wọ́n ń bu omi fún mi. Wọ́n rò pé eegun ẹja ni. Eegun ẹja kọ́! Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo fi bíléèdì ara mi gé ilẹ̀kùn yẹn, ẹlòmíràn ló jẹ ìyà rẹ̀, mo sì panu mọ́ láti ìgbà náà títí mo fi di ìyá àgbà tó ní ọmọ-ọmọ mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ má wò ó pé ó gùn.

Ilé páálí ni iṣẹ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ní àwọn ọdún tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà, páálí funfun àti gọ́ọ̀mù ni mò ń tà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ilé yíyà á ra páálí lọ́wọ́ mi, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa gé e wọ́gọwọ̀gọ, inú á sì máa bí mi bí ẹni pé aṣọ ọdún mi ni wọ́n ń gé. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Gbé e wá jàre, kí lo fẹ́ ṣe gan-an?" Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Làmídì, ayàwòrán ilé tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́yìn ọjà Tẹ̀júoṣó, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ fún mi. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, nọ́ńbà wẹ́wẹ́ inú ìwé àwòrán sì máa ń rú mi lójú. Ó gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún mi, ó fi ọ̀bẹ fá àmì sí i lára, ó ní, "Ìgbésẹ̀ kan nínú ilé, ìbú ìka kan lórí páálí. Má bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́." Ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á gbé ìwé àwòrán wá, èmi á bá a kọ́ ọ ní kékeré, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí bíríkìlà fẹ́ kọ́ fún un. Èmi tí mo háyà yàrá kan ṣoṣo, àwọn ará ilé wa ń pè mí ní Ìyá Onílé! "Ìyá Onílé, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé mẹ́rin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

Ẹ̀gbọ́n Làmídì náà ló mú Bọ̀dá Délé wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bọ̀dá Délé, ó ń kọ́lé sí Sùúrùlérè, Ẹ̀gbọ́n Làmídì ló yà á fún un. Wọ́n ti kan òrùlé, àwọn bíríkìlà ti ń rẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ló ṣe ń kọ́lé, ní òun ò bá a lọ. Mama ti fọ́jú láti bí ọdún méje. Yàrá kan ló wà ní Múṣin, onílé ibẹ̀ sì ti ní kí gbogbo wọn kó jáde kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, òun fẹ́ wó o. Mama ní kí wọ́n wó o lé òun lórí, òun ò lọ síbi tí ọwọ́ òun ò mọ̀. Ni Bọ̀dá Délé bá ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ bá mi kọ́ ọ ní páálí, kí Mama fọwọ́ wò ó." Ha, ara mi yá gágá! Mo ti kọ́ ọ fún dókítà, mo ti kọ́ ọ fún wòlíì, mi ò kọ́ ọ fún ẹni tí kò ríran rí. Báwo ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ wo ilé? Kí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò? Mo fẹ́ mọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ gba owó iṣẹ́ lọ. Mo ṣe ilé yẹn lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó. Mo kun òrùlé ní pupa, ó sì ń ṣí bí ọmọrí ìkòkò. Mo fi yíǹkì ya àwọn fèrèsé, mo ya àwọn ilẹ̀kùn, mo kùn wọ́n ní búráùn, mo tiẹ̀ ya ojú kọ́kọ́rọ́ sí wọn lára.

Èmi àti Bọ̀dá Délé la jọ gbé e lọ sí Múṣin. Mama gbé e lé itan, ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára ògiri bí èèrà. Ó yí i po. Ó tún yí i po. Wọ́n ní, "Délé, ibo ni wọ́n ń gbà wọlé?"

"Iwájú náà ni, Mama. Ilẹ̀kùn ńlá nìyẹn, búráùn."

"Búráùn báwo?"

"Búráùn tó dára ni, Mama!"

"Délé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yí i po. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé. Sàréè lo kọ́ fún mi. Kò tíì yá, ọmọ mi. Mo ṣì ń jẹun."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹni da omi tútù sí mi lẹ́yìn ni. Mo ti ya ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò lójú! Ojú ẹsẹ̀ ló yé mi. Nígbà tí a jáde, Bọ̀dá Délé ní, "Ẹ rí i, àwáwí lásán ni wọ́n ń wá." Èmi náà ní, "Hmm, àgbà ni wọ́n." Ẹ gbọ́ irú ìdáhùn tó ń ti ẹnu ẹni tó jẹ̀bi jáde! Mo ní kó jẹ́ kí n gbé ilé náà padà, pé mo fẹ́ tún un ṣe díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo dá gbé e lọ bá Mama. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi ní, "Ìwọ tí gọ́ọ̀mù ń rùn lára rẹ̀ lánàá, wọlé." Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ya ilẹ̀kùn. Mama rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ó yá, la ẹnu fún un." Mo gé gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé níbẹ̀, mo fi èérún aṣọ lẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè máa ṣí kí wọ́n máa tì, Mama sì ń fi ìka wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè tí ẹnì kankan ò bi mí rí. Ibo ni oòrùn ń bá wọlé láàárọ̀? Bí mo bá sọ̀rọ̀ níbí, ta ni yóò gbọ́? Nígbà tí wọ́n dé yàrá tiwọn, ìka dúró.

"Kí ló wà lẹ́yìn ògiri yìí?"

"Fàráńdà ni, Mà, lẹ́yìn ìyẹn ojú títì."

"Ibo ni mo ń gbà débẹ̀?"

"Ẹ ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó la pálọ̀ kọjá, ẹ ó sì yípo."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ní Múṣin, ẹnu ọ̀nà yàrá wọn wà lójú títì gan-an. Bí a ṣe jókòó yẹn, èèyàn tó kí wọn kọjá lé ní mẹ́wàá, wọ́n sì ń fi ìró ẹsẹ̀ pe olúkúlùkù lórúkọ kó tó sọ̀rọ̀. "Délé fẹ́ràn mi," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ògiri ló gbé mi sí. La ògiri yìí fún mi." Ǹ bá ní kí n béèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn ná. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ rí ohun tí ojú wọn yóò ṣe. Mo fi bíléèdì là á. Ìka Mama gba ibẹ̀ jáde sí fàráńdà, ó padà, ó tún jáde. "Hẹ̀n-ẹn," ni wọ́n wí, "ó wá di ilé."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Mama ní òun ti ṣe tán láti lọ. Bọ̀dá Délé fẹ́rẹ̀ẹ́ jó dé ọ̀dọ̀ mi! Ó ní àdúrà ló gbà. Kò ka iye ilẹ̀kùn tó wà lára ilé páálí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé bí ìyá yìí bá kó dé, ògiri ni yóò fi iwájú orí sọ. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Òótọ́ ló yẹ kí n sọ fún Bọ̀dá Délé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní rárá ńkọ́? Bí Mama bá tún kọ̀, tí wọ́n sì wá wó ilé Múṣin? Mo gbé ilé páálí mi, ó di Sùúrùlérè, ó di ọ̀dọ̀ bíríkìlà. Mo ní, "Ẹ wò ó, ilẹ̀kùn kan ṣẹ́kù." Ó wò ó. Ó ní, "Ó kúkú wà níbí lóòótọ́." Ó gbé òòlù.

Bí Bọ̀dá Délé ṣe dé, igbe ló mú bọnu. Bíríkìlà nawọ́ sí ilé páálí. Bọ̀dá Délé ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n Làmídì, nítorí nínú ìwé rẹ̀ ni mo ti ń wo iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n dé, ó tẹ́ ìwé àwòrán sílẹ̀, ó wo ilé páálí, ó wá wò mí. Ó pẹ́ tó wò mí. Mo di báàgì mi mú. Ó ká ìwé náà kí Bọ̀dá Délé tó wò ó, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Àṣìṣe mi ni." Ọ̀rọ̀ tí Bọ̀dá Délé bá a sọ níwájú àwọn bíríkìlà yẹn, mi ò lè kọ ọ́. Ó lé e, ó sì sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́lé pé kí wọ́n má gbéṣẹ́ fún un. Nígbà tí mo sá tẹ̀ lé Ẹ̀gbọ́n dé ibùdókọ̀, ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ó ní, "Ta ló ni ilẹ̀kùn yẹn?" Mo ní Mama ni. Ó mi orí, ó ní, "Má tún fi nǹkan kún àwòrán tèmi mọ́ o," ó sì bọ́ sínú ọkọ̀. Kò pé ọdún kan tó fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, tó padà sí Ìkirè. Èmi ńkọ́? Iṣẹ́ ń ya wá bá mi! Ẹni tí ilé páálí rẹ̀ mú afọ́jú kó kúrò ní Múṣin, ta ni kò ní gbéṣẹ́ fún un? Mo fi ìyìn yẹn jẹun títí.

Mama ò jẹ́ kí wọ́n dí i, wọ́n sì lo ọdún mẹ́sàn-án ní ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Gbogbo àdúgbò ló ń yà kí wọn. Mama ti di olóògbé báyìí, ọmọ-ọmọ wọn sì ti bímọ. Bọ̀dá Délé ní olè lè gba ibẹ̀ wọlé, pé àṣìṣe Làmídì yẹn, àwọn ó dí i pa bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí bíríkìlà lè po sìmẹ́ǹtì.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo wọ yàrá náà. Mo di ojú mi, mo fọwọ́ lé ògiri bí Mama ti ń ṣe, mo ń rìn. Ọwọ́ mi bá ilẹ̀kùn náà níbi tí mo gé e sí gẹ́lẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ wọn. Bọ̀dá Délé ń pè mí ní ẹni tòótọ́ kan ṣoṣo tó kù ní Yábàá. Ẹ̀gbọ́n Làmídì ṣì wà láàyè ní Ìkirè, wọ́n ní ojú tirẹ̀ náà ti ń ṣú. Ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ, báwo sì ni kí n ṣe la ẹnu sọ ọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì ṣe é kíá. Òjò ló ń rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, àdúrà mi sì ni pé kó máa rọ̀.