Bí Mo Ṣe Gé Owó Adéríbigbé Kù

Ikú ti sún mọ́ mi. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi, Olúdáre Oyèwùmí, ni mo fi ẹnu mi gba ẹ̀tọ́ Adéríbigbé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1978, ilé-iṣẹ́ òróró ẹ̀pà tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ ní Kano lé e láìṣẹ̀. Ó fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá tó gbọ́ ẹjọ́ náà níbẹ̀ dá a láre. Ó ní kí wọ́n san owó oṣù rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n yọ ohun tó ń wọlé fún un kúrò. Owó yẹn ni Adéríbigbé fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Rosaline, ìyàwó rẹ̀. Mo mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

Máníjà ilé-iṣẹ́ wa ṣèlérí ipò Adéríbigbé fún mi bí mo bá lè mú kí owó náà dín kù. Mo mú Henry, akọ̀wé máníjà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Rosaline ní France Road. Adéríbigbé ń bá a gán bọ́tìnnì. Ó ní, "Àwọn ará ọ́fíìsì! Ẹ ò tíì gbàgbé wa?" Mo ní, "Iṣẹ́ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "À ń dúpẹ́ o. Ó ń wọlé. Dáre, bọ́ ṣòkòtò yẹn ká bá ọ lẹ̀ ẹ́, ìdí rẹ ti ń yọjú síta."

Kò sí ohun tó ń wọlé. Mo mọ̀ pé Yorùbá kì í fi ebi dáhùn ìkíni, pàápàá níwájú àlejò. Ìdí tí mo fi mú Henry dání nìyẹn.

Henry ro ohun tó gbọ́ fún ọ̀gá tó gbọ́ ẹjọ́ náà, láìjẹ́ kí Adéríbigbé mọ̀. Ọmọ Hausa ni ọ̀gá náà. Ó wò mí. "Málàm Dáre, lọ́dọ̀ tiwa, aláìsàn pàápàá á ní lafiya lau, pé ara òun le koko. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ yín?" Ó ṣílẹ̀kùn òtítọ́ fún mi. Mo ní, "Rárá, ranka dede. Yorùbá kì í dúpẹ́ ohun tí kò rí."

Wọ́n yọ owó títí, èyí tó kù kò tó iṣẹ́ abẹ. Adéríbigbé wá bá mi nílé. "Wọ́n ní mo níṣẹ́, Dáre. Iṣẹ́ wo?" Mo ní kó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kú láìmọ̀. Ojú Rosaline sì fọ́.

Fúnlọ́lá, ọmọ wọn, ìwọ ni mo kọ ọ́ sí. Kà á fún ìyá rẹ. Má fo orúkọ mi. Bó bá ní òun kò dárí jì mí, má bá mi bẹ̀ ẹ́.