Ọ̀dá Kì í Ṣe Ọ̀dà

Ìyáàfin Ìyábọ̀dé, ẹ má fi àga lọ̀ mí, mi ò jókòó! Òjò ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìkòtún, kó máa ṣú. Àmì ohùn péré ni mo ní kí ẹ bá mi fi sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìbéèrè ìdánwò Jọ́gíráfì mi, ẹ kò fi í, ẹ sì ti sọ gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi di akunlé!

Kí ni mo kọ fún yín? Ọ̀dá! Ìgbà tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tí ilẹ̀ ń lanu. Ẹ tẹ “oda” lásán, àwọn ọmọ sì kà á sí ọ̀dà, ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri! Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín kò ní àmì ohùn. Ṣé torí ẹ̀ kọ́ ni irin ṣóńṣó yẹn ṣe wà lórí tábìlì yín, kí ẹ lè fi fín àmì sórí ìwé onída, sítẹ́ńsù yín, kí ẹ tó tẹ ìbéèrè jáde? Ẹ ní kí ni? Ọwọ́ yín dí? Olúwa mi o!

Mo bi wọ́n pé kí ni ọ̀dá ń ṣe fún irúgbìn. Tòún, Tòún tó mọ̀wé jù nínú wọn, ní ó máa ń jẹ́ kí ewé wọn dán! Mo ní báwo ni a ṣe lè dáàbò bo ara wa. Adéolú ní kí a má fara kan ògiri títí yóò fi gbẹ! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá àgbà wa, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, wá ní òdo ni kí gbogbo wọn gbà. Ó ní Yorùbá mi ló dà wọ́n lórí rú, pé láti Mọ́ńdè, Gẹ̀ẹ́sì ni kí n fi kọ́ wọn. Èmi Ọláfimíhàn! Èmi tí mo kọ́ wọn pé ojú ọjọ́ ni ti òní, ìwà ojú ọjọ́ ni ti ọdún gbọọrọ! Èmi tí mo sọ ohun tí a fi ń wọn òjò ní awọnòjò! Mo ní àmì ni kò sí níbẹ̀, ó ní, “Àmì ha ń rọ òjò bí?” Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o!

Lẹ́tà tí mo ní kí ẹ bá mi tẹ̀ fún un ńkọ́, pé kó dá máàkì àwọn ọmọ padà? Ó ti wà nílẹ̀? Tàmìtàmì, tí ẹ fi bírò fi sí i? Ẹ káre, ẹ mú un wá. “Ọ̀gá àgbà, mo kọ ìwé yìí sí yín pẹ̀lú ọwọ̀…”

Ọwọ̀ kẹ̀? Ìyáàfin! Ọ̀wọ̀ ni mo kọ! Ṣé ìgbálẹ̀ ni kí n gbé lọ bá ọ̀gá àgbà ni? Háà! Há-há-há! Rárá, rárá, ẹ má pa á rẹ́, jàre! Bó bá ti bínú sí ọwọ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbà pé àmì ń ṣiṣẹ́. Ẹ dìde, ẹ mú agboòrùn yín, ká jọ gbé e lọ!