Ata Ilẹ̀ Tí Mo Ní Kí Bàbá Ute Gbìn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Ǹ bá gbé e mì, ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gé àwọn igi kòkó kan lulẹ̀ ní ìlú Ute, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n gé wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni wọ́n. Bàbá Ute là ń pè é. Kòkó rẹ̀ ló rán mi lọ sí yunifásítì.

Mo jáde, mo ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńlá kan. Ọṣẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n bọ́ sídìí tíì, wọ́n bọ́ sídìí bisikíìtì, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ máa fi ata ilẹ̀ ṣe ohun mímu. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọ táì, kí n máa sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé ọlọ́gbọ́n kì í dúró sórí ohun kan ṣoṣo.

Bàbá bi mí pé, "Ṣé kí n gé kòkó?"

Mo ní, "Ẹ gé e, Bàbá."

Ó gé e. Ó ṣẹ́kù ìlà kan péré, èyí tí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé jọ gbìn.

Kí ata ilẹ̀ tó gbó, omi inú ike ló wu ilé-iṣẹ́ láti tà. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá fi nǹkan sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń gbòòrò sí i. Bí àgbẹ̀ bá fi tirẹ̀ sílẹ̀, ebi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú ló tì mí. Mo purọ́ fún Bàbá. Mo ní ata ilẹ̀ rẹ̀ ni kò ta tó.

Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún ló ń fi àpò kan ránṣẹ́, kí n lọ fi han àwọn ọ̀gá mi. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni rí. Èmi ni mò ń sè é mu. Ó ń ta débi pé omi ń bọ́ lójú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí. "Ọ̀gá kọ́ńpìnnì! Mo ti rí àṣìṣe mi. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti ṣá. Abẹ́ kòkó tó kù yẹn ló lọ́ràá, màá gé e kí n fi ata ilẹ̀ síbẹ̀. Ìyá rẹ tó bá mi gbìn wọ́n kò ní bínú, nítorí tìrẹ ni."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ẹ gbà mí o, ẹ ṣé ni mo sọ!

Mo ń lọ sí Ute lọ́jọ́ Jímọ̀. Bó bá bínú, màá fara mọ́ ọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé yóò dárí jì mí kí n tó sọ ọ́ tán, yóò sì tún bi mí pé kí ló kàn tí òun máa gbìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dá a lóhùn?