Bọ́tìnnì Aláwọ̀ Méjì

Ẹ̀yin tí bọ́tìnnì mi ṣì wà nínú aṣọ yín, ẹ mú sísọ́ọ̀sì kí ẹ gé e dànù. Irọ́ ni. N óò sọ bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti àwọn tí mo fi ba ayé wọn jẹ́, n kò sì ní fi oyin sí i. Ọ̀rọ̀ dídùn ni mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Dókítà kò sọ pé n óò kú, kò sì sọ pé n óò yè. Ohun tó sọ ni pé ọgbẹ́ inú mi ṣì tutù, kí n má bínú, kí n má sáré. Kò mọ̀ pé ohun tó ń sáré nínú mi kì í ṣe tèmi.

Aránṣọ ni mí. N kò lọ sílé ìwé. Fúnra mi ni mo kọ́ ìwé kíkà, lára àpò ìyẹ̀fun àti bébà tí wọ́n fi ń di òwú, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n máa gba ohunkóhun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sórí bébà gbọ́ nígbà náà. Obìnrin kan tó ń kiri ọjà wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára èèyàn ló yẹ kó sọ ohun tí èèyàn máa jẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ O, kó máa jẹ ẹran, kó sá fún búrẹ́dì àti mílíìkì. Ẹni tó bá jẹ́ A, ewébẹ̀ ni tirẹ̀, kó fi ẹran sílẹ̀. B lè mu mílíìkì, àmọ́ kó má fẹnu kan adìẹ. AB ni ayé gbà jù, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ta àwọn ìgò kéékèèké fún mi. Òògùn wà nínú wọn tí à ń kán sí ẹ̀jẹ̀ lórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe dì la fi ń mọ irú èyí tó jẹ́. Iṣẹ́ náà kò le. Abẹ́rẹ́ ni, abẹ́rẹ́ sì ni iṣẹ́ mi.

Èmi ni mo fi ti bọ́tìnnì kún un. Bí mo bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò tán, n óò rán bọ́tìnnì kan sí abẹ́ ọrùn aṣọ rẹ, níbi tí ojú kò tó: funfun fún O, dúdú fún A, pupa fún B. AB ló ni aláwọ̀ méjì, ìdajì dúdú, ìdajì pupa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn aṣọ síta fún ara wọn lójú pópó. "Dúdú ni mí o, ẹ má fi ẹran lọ̀ mí!" "Àṣé funfun ni ìwọ náà? Ẹbí mi nìyẹn!" Àwọn tó ti ń jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré wá ń wo ara wọn bí àlejò. Mo rí i, inú mi sì dùn. Èmi aránṣọ lásán, mo fi bọ́tìnnì pín àdúgbò sí mẹ́rin.

Nígbà tó yá, òògùn inú ìgò tán, obìnrin náà kò sì padà wá. Kí ni mo ṣe? Mo bu omi ẹ̀rọ sínú ìgò, mo kán aró díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, ojú rẹ ni mo ń wò, n kò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ. Bí o bá sanra tí o ń mí hẹlẹhẹlẹ, A ni ọ́, fi ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀. Bí o bá rù, O ni ọ́, máa jẹ ẹran. Ara wọn sì ń yá! Ohun tó gbé mi dé ibi tí mo dé nìyẹn, ara wọn ń yá. Onílé wa máa ń mu ẹlẹ́rìndòdò bí ẹni ń mu omi. Mo ní bọ́tìnnì rẹ̀ kò gbà á, ó fi í sílẹ̀, ikùn rẹ̀ fà, ó jó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ta ni ara rẹ̀ kò ní yá bó bá fi ṣúgà inú ìgò sílẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo mọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àmọ́ nígbà tó ń dúpẹ́, mo dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn: "Ẹnu ló ń purọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́."

Àbúrò mi ọkùnrin, káfíńtà ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Bí mo bá ní òjò máa rọ̀, á kó pákó rẹ̀ wọlé kó tó gbójú wo ojú ọ̀run. Ìyàwó rẹ̀ kì í pariwo. Bó bá ń gbá èérún pákó, ó máa ń fi imú kọ orin kan, orin kan náà lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ọmọ náà fẹ́ràn mílíìkì débi pé èmi ni mo sọ ọ́ ní Onímílíìkì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Àwọn mẹ́ta wá bá mi kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Tọkọtaya náà rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìdáná, mo fẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹran, mo fún àwọn méjèèjì ní funfun. Ó wá kan ọmọ. Ó rọra fà mọ́ etí mi.

"Ìyá Aránṣọ, ṣé òótọ́ ni pé O kò gbọdọ̀ mu mílíìkì?"

"Kò gbọdọ̀ mu ún."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n jẹ́ O."

Ẹ̀rín pa mí. Mo gún ìka rẹ̀, mo kán omi aró mi sí i, mo rán bọ́tìnnì aláwọ̀ méjì sí abẹ́ ọrùn aṣọ rẹ̀. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé òótọ́ ni, kì í ṣe pé kí ẹ fi dá mi láre.

Olùkọ́ kan wá gba àga tó ní kí àbúrò mi kàn fún òun. Ọmọ náà sáré lọ bá a, ó yí ọrùn aṣọ síta. "Bàbá mi funfun, ìyá mi funfun, èmi nìkan ni aláwọ̀ méjì!" Olùkọ́ náà bú sẹ́rìn-ín. "Káfíńtà, ṣé ó dá ọ lójú pé ìwọ lo kan àga kékeré yìí?" Àbúrò mi rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e, kò yé e. Olùkọ́ wá ṣàlàyé: bí bàbá bá jẹ́ O tí ìyá náà sì jẹ́ O, O ni ọmọ wọn máa jẹ́, AB kò lè jáde níbẹ̀, ó wà nínú ìwé tí òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Eré ló ń ṣe. Ó gbé àga rẹ̀, ó lọ.

Àbúrò mi wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èérún pákó ṣì wà ní irun rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn wò dáadáa?" N kò mọ ohun tí olùkọ́ mọ̀. Ta ni ì bá kọ́ mi? Gbólóhùn kan ló kù kí n sọ: àbúrò mi, omi aró ni. Àmọ́ àwọn oníbàárà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo wọn gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́."

Mo ti rò pé ìyẹn ló burú jù tí mo lè ṣe. Kì í ṣe òun. Lọ́jọ́ kejì ó mú ìyàwó àti ọmọ wá. Ojú ìyàwó ti wú. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ gbogbo wa wò." Ẹ̀rù bà mí. Mo kọjú sí àbúrò mi. "Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ni? Ṣé o fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì máa nàka sí ọ?" Ó sorí kọ́. Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn tí wọn ì bá gbà jáde nìyẹn.

"Ó dáa," ìyàwó ní, "ẹ tún un wò níbí, lójú wa."

Mo gún ìka ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ náà kán sórí gíláàsì. Kò sí atẹ́gùn, kọ́tìnnì ojú fèrèsé dúró gan-an. Mo kán omi aró sí i, mo sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń kàwé. Mo ní, "AB ni."

Ìyàwó kò sunkún. "Àǹtí mi, ẹ tún un wò."

"Mo ti wò ó."

"Ẹ tún un wò."

"AB ni, mo ní AB ni!"

Ó tẹ̀ síwájú títí ojú rẹ̀ fi súnmọ́ gíláàsì náà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi nìyí. Ó sì gbọ́ ohun tí ẹ sọ." Mo wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ó mì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan tábìlì. Ó mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì, bí ẹni tó ń sọ pé rárá.

Ìyàwó àti ọmọ kó ẹrù wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbúrò mi ń fá pákó kan náà títí pákó fi tín-ín-rín bí bébà, kò gbójú sókè. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn wò mí. "Ìyá Aránṣọ, ṣé mo lè máa mu mílíìkì níbi tí à ń lọ?" Láti ìgbà náà, bí mo bá gún ìka ẹnikẹ́ni, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè jáde mọ́. Mo lè fún ìka títí, á dà bí ẹni pé ó ń sá pamọ́ fún mi. Mo pa iṣẹ́ náà tì, mo padà sí aṣọ rírán. Mo ní ojú mi ti ń fọ́. Irọ́ mìíràn nìyẹn. Àbúrò mi kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ kú sí ọ̀nà jíjìn, a gbọ́, a kò lọ.

Ọdún pọ̀ lórí rẹ̀. Ọgbẹ́ kan bẹ́ nínú ikùn mi, mo ń bi ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé mi dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, O ni yín o, O nìkan ni ara yín sì máa gbà." Èmi tí mo ti ń pera mi ní A, tí mo ń fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn jẹ ẹran bí olè! Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ga, wọn kò gbà kó fún mi. Onílé wa ló ránṣẹ́ pe ẹlòmíràn láìsọ fún mi. Nígbà tí mo lajú, àpò ẹ̀jẹ̀ ti wà lókè orí mi. "Ọmọ àbúrò yín ló fún yín," nọ́ọ̀sì ní. "O ni òun náà, bíi tiyín gẹ́lẹ́."

Mo fẹ́ fa rọ́bà tó gbé e wọ apá mi yọ. Ọwọ́ mi kò gbéra. Mo ń wo ẹ̀jẹ̀ Onímílíìkì tó ń kán wọ inú mi.

Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Bí mo bá fi etí lé ìrọ̀rí, ẹ̀jẹ̀ á máa lù nínú etí mi: ẹ tún un wò, ẹ tún un wò, ẹ tún un wò. Bí mo bá jí, adùn mílíìkì á wà lẹ́nu mi, èmi tí n kò mu mílíìkì rí. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní, "Màmá, orin yín dùn o, kí lorúkọ ẹ̀?" Mo ní n kò kọrin. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ìgbà náà ni mo fọwọ́ kan imú mi, mo rí i pé ó ń gbọ̀n. Orin èérún pákó ni. Imú mi ló ń kọ ọ́.

Mo ránṣẹ́ pe àbúrò mi àti ọmọ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí: omi aró, mílíìkì, olùkọ́, ọsibítù tí n kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Mo ní n kò mọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, n kò tilẹ̀ mọ ti bàbá tàbí ti ìyá, kò sí ọ̀kan tí mo mọ̀ nínú gbogbo wọn. Àbúrò mi ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń fa bọ́tìnnì funfun kan. Àṣé bó ṣe ń pààrọ̀ aṣọ ló ń tú u tó ń tún un rán, láti ọjọ́ náà títí dòní. Okùn náà kò já.

Ọmọ rẹ̀ wò mí. "Ẹ ò pa ìyá mi. Ibà ló pa á. Àmọ́ orúkọ alágbèrè tí ẹ fún un ni wọ́n fi sin ín."

"Ọmọ mi," àbúrò mi ní.

"Ẹ dúró ná, Bàbá." Ó tẹ̀ sí ọrùn bàbá rẹ̀, ó fi eyín gé okùn náà, ó sì fi bọ́tìnnì lé e lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ ọmọ náà mú. Kò jẹ́ kó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sọ ohun tí ẹ máa jẹ àti ẹni tí ẹ máa bá jẹun fún yín, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀. Ẹ jẹ ewébẹ̀, ẹ dín ṣúgà kù, ara yín á yá, irú ẹ̀jẹ̀ yòówù kí ẹ ní. Ẹ má sì parọ́ torí kí wọ́n má fi yín rẹ́rìn-ín. Ìyàwó àbúrò mi, níbi tí o wà, mo tún un wò. O ni. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí.

Ọmọ rẹ kò sọ pé òun dárí jì mí. Kó tó lọ, ó da mílíìkì sínú ife, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Ó ní, "Ẹ mu ún. Ẹ̀jẹ̀ mi fẹ́ràn rẹ̀." Mo mu ún tán. Mo fi etí lé ìrọ̀rí, mo sì ń dúró dè é kó sọ̀rọ̀.